Iṣẹ́ Tí Tiwaladé Ń Ṣe

Inú takisí tó ń ti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó ni Ọmọ́níyì ti kọ́kọ́ rí Tiwaladé. Èèyàn mẹ́rin fún mọ́ra lẹ́yìn ọkọ̀, òógùn ń bọ́ lára kálukú, Tiwaladé nìkan ló ń rẹ́rìn-ín sínú ìwé tí wọ́n fi èdè Ṣáínà kọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?"

"Àgbẹ̀ kan gbin ìrẹsì sórí òṣùpá. Àna rẹ̀ ní òun ò lè fọmọ fún ẹni tí kò níṣẹ́."

Ọmọ́níyì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dé Oǹdó. Ṣáínà ni Tiwaladé ti kàwé. Ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì àwọn ará ibẹ̀ ló ń túmọ̀ sí Yorùbá. Ó ní wọ́n ti kà á sí ìtàn ọmọdé lọ́hùn-ún rí, ṣùgbọ́n lónìí àwọn yunifásítì wọn ń kọ́ni nípa rẹ̀, wọ́n sì ń gba ẹ̀bùn lórí rẹ̀ kárí ayé. Ohùn tó fi sọ ọ́ ni Ọmọ́níyì kọ́kọ́ fẹ́ràn.

Lẹ́yìn ọdún kan, Ọmọ́níyì mú un lọ kí bàbá tirẹ̀, Tíṣà Johnson, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í gba gbẹ̀rẹ́.

"Ọmọ́níyì ní kọ́ńpìnnì àwọn Ṣáínà tó ń ṣe títì lo ti ń ṣògbufọ̀."

Tiwaladé wo olólùfẹ́ rẹ̀. Olólùfẹ́ rẹ̀ ń wolẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti Ọmọ́níyì ò tilẹ̀ pé wákàtí kan.

"Rárá, sà. Ìtàn ni mò ń túmọ̀." Ó kúnlẹ̀ dágbére, ó sì jáde lọ wọ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́.

Ọmọ́níyì sáré tẹ̀ lé e. "Tiwa mi, dákun."

"Àwọn tí n kò mọ̀ rí ń fi iṣẹ́ mi ṣe yẹ̀yẹ́, mo fara dà á. Ìwọ wá ń tijú mi. Mi ò lè fẹ́ ẹni tó máa fi mí pa mọ́."

 Ọmọ́níyì mọ̀ pé bí obìnrin yìí bá kọjá géètì, ó parí nìyẹn. Ó yíjú sí bàbá rẹ̀ tó ti jáde wá.

"Bàbá, èmi ni mo purọ́. Ẹ̀rù ló bà mí pé ẹ máa kọ̀ ọ́."

Bàbá wò ó. "Lo bá tètè bá mi kọ̀ ọ́." Ó mí kanlẹ̀. "Èmi ò fẹ́ràn ìtàn ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n mo kórìíra irọ́ jù ú lọ. Tiwaladé, ẹnu rẹ la ń wò."

 Ọmọ́níyì ni Tiwaladé kọjú sí. "Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé iṣẹ́ wo ni àfẹ́sọ́nà rẹ ń ṣe ńkọ́?"

"Ó ń túmọ̀ ìtàn sáyẹ́ǹsì."

"Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín?"

"N ó tún un sọ, sókè sí i."

Tiwaladé bọ́ bàtà rẹ̀, ó padà wọlé, ó sì tún kúnlẹ̀ kí Bàbá, lọ́tẹ̀ yìí bí ìyàwó ilé.