Àga Pupa Níwájú Báńkì

Àárín ìlà àwọn èèyàn tó tò síwájú báńkì ni ọkùnrin kan gbé àga pupa kan kalẹ̀ sí, àga onítìmùtìmù ńlá, tí òrùn ń ta sí lára tí ara rẹ̀ ń dán. Ó jókòó. Ó dìde. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó tún jókòó, kò sì pé ìṣẹ́jú kan tó tún fi dìde. Nígbà tó yá, ó ní kí ìyá àgbàlagbà tó wà lẹ́yìn òun bá òun jókòó sí i, òun fúnra rẹ̀ wá ń rìn káàkiri bí ẹni tí èèrà wọ ṣòkòtò rẹ̀.

Láti ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní òdìkejì títì, ọmọbìnrin kan tó ń tẹ ìwé tó sì ń ṣe ẹ̀dà ń wò ó, ẹ̀rín ń pa á. Ẹ̀rín náà kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí ọkùnrin náà fi já wọlé, àga lórí, ìdì ìwé lábẹ́ abíyá, gọ́ọ̀mù gbẹ mọ́ gbogbo ìka rẹ̀. Báńkì ní kó lọ ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé rẹ̀ wá kí àwọn tó lè yá a lówó.

"Ṣé àga yìí náà fẹ́ yá owó ni?" ọmọbìnrin náà bi í.

"Onígbọ̀wọ́ mi ni," ó fèsì, kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Òun nìkan ló gbà láti bá mi wá."

Ibẹ̀ ni ọkàn ọmọbìnrin náà ti fà sí i.

Iṣẹ́ àga ni ọkùnrin náà ń ṣe: á tú aṣọ tó ti gbó kúrò lára àga, á fi tuntun bò ó. Ó dá dúró, kò ní ọ̀gá. Lábẹ́ àga kọ̀ọ̀kan tó bá parí, ó máa ń fi bírò kọ orúkọ oníbàárà àti ọjọ́ náà sára pákó. Ẹni tó ní kó ṣe àga pupa yìí ti kọ̀ ọ́, ó ní pupa náà pọ̀ jù, nítorí náà abẹ́ rẹ̀ ṣì ṣófo.

Láti ọjọ́ yẹn, ìwé tó yẹ kó kó wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ló ń mú wá. Ọmọbìnrin náà sọ ọ́ ní Kòjókòó. Ọkùnrin náà sì ń pè é ní Ẹ̀dà mi, ó ní nínú gbogbo ẹ̀dà tí òun ní, ọ̀kan yìí ni òun ò lè fà lé báńkì lọ́wọ́.

Ilé yàrá méjì kan wà lẹ́yìn ilé-ìwé kan, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì; òun ni ọkùnrin náà fẹ́ fi owó báńkì rà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n lọ wò ó. Ọkùnrin náà á fi ẹsẹ̀ wọn ibi tí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ máa wà àti ibi tí ẹ̀rọ ọmọbìnrin náà máa wà, á tún padà wọ̀n ọ́n bí ẹni pé ilé ti súnkì.

Bàbá ọmọbìnrin náà, tó fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n gba owó oṣù lẹ́nu iṣẹ́ kan ṣoṣo, bi ọmọ rẹ̀ pé ta ló ń san owó oṣù fún ọkùnrin yìí. Ọmọbìnrin náà ní ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ni.

"Tó bá wá lé ara rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́?"

Bàbá ní ọjọ́ tí ọkùnrin náà bá ní òrùlé ní orúkọ ara rẹ̀ ni kó wá rí òun.

Obìnrin tó ń rí sí ẹ̀yáwó ilé ní báńkì yẹ ìwé Kòjókòó wò títí, ó ní òun rí iṣẹ́, òun ò rí owó. Láti ìgbà tí Kòjókòó ti wà lọ́mọ ogún ọdún, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò nínú gọ́ọ̀mù, tí kò ráyè lọ sí báńkì, àkáǹtì ìyá rẹ̀ ló ń ní kí àwọn oníbàárà sanwó sí. Ìyá á fún un lówó pákó àti owó ọkọ̀, àwọn méjèèjì ò sì rí ohun tó burú ńbẹ̀. Lójú báńkì, ọkùnrin yìí ò tíì gba owó rí láyé rẹ̀. Wọ́n ní kó lọ fi ọdún méjì gbowó ní orúkọ ara rẹ̀. Onílé sì ti ní òun ò ní dúró kọjá ìparí oṣù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Kòjókòó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó lọ ó bọ̀ láàárín ilẹ̀kùn àti ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹfà kó tó lè la ẹnu. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ní ilé-iṣẹ́, ó gbà kí wọ́n lo orúkọ rẹ̀. Ìwé ló kù, èyí tó máa sọ pé òun ti ń gba owó oṣù níbẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Ṣé Ẹ̀dà òun á bá òun tẹ̀ ẹ́?

Ọmọbìnrin náà tẹ̀ ẹ́. Ilé yẹn wu òun náà débi pé ó ti mọ àwọ̀ tí òun máa fi kun ilẹ̀kùn rẹ̀. Nígbà tí ìwé jáde, ó kà á, ó sì dì í mú.

"Ọkùnrin tó wà nínú ìwé yìí ní ọ̀gá," ó ní. "Aago márùn-ún ló ń ti ibi iṣẹ́ dé. Ó máa ń jókòó. Mi ò mọ̀ ọ́n rí, mi ò sì fẹ́ ẹ."

"Ilé yẹn á bọ́ lọ́wọ́ wa o."

"Kó bọ́."

"Kí ni kí n wá sọ fún bàbá ẹ?"

Ọkùnrin náà gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a sápò, ó sì lọ.

Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko, kò padà wá. Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ wá di Kòjókòó. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ẹrù sórí kọjá ní títì, ó ti dìde. Ó ń kọjú ìwé oníbàárà sókè nínú ẹ̀rọ, ó ń tẹ òfìfo fún wọn.

Lọ́jọ́ kejìlá, obìnrin kan wọlé pẹ̀lú báàgì ńlá, ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ ni Ẹ̀dà?"

"Èmi ni, mà. Ẹ káàsán, mà."

"Ọmọ mi jókòó," ìyá náà ní. "Ó fa ìwé kan ya jálajàla láàárọ̀ àná, ó jókòó sórí àga pupa kan, kò dìde mọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti bí i, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ẹ̀rù ń bà mí."

Ìyá ní nígbà tí òun gbọ́ ohun tí báńkì wí lẹ́nu ọmọ òun, òun kọ́kọ́ rò pé obìnrin kan ló fẹ́ ya àpò òun àti ti ọmọ òun sọ́tọ̀. Ó wá da ìwé báńkì rẹ̀ láti inú báàgì sórí tábìlì, ti ọdún mẹ́wàá. Gbogbo owó tó jẹ́ ti ọmọ rẹ̀ ló ti fi bírò pupa sàmì sí láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ó ní kí ọmọbìnrin náà ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀, òun fẹ́ lọ bá wọn ní báńkì. Ọmọbìnrin náà ní kó má san nǹkan kan.

"Màá san. Tó o bá ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ báyìí, ìwọ náà ò ní rí ilé rà."

Ìyá lọ búra ní kóòtù pé owó ọmọ òun ni. Báńkì gé ọdún méjì kù sí ọ̀kan. Ilé ẹ̀yìn ilé-ìwé ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kòjókòó àti Ẹ̀dà rẹ̀ kọjá níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, àwọ̀ mìíràn ló wà lára ilẹ̀kùn. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì ọdún yẹn, Kòjókòó fọ ọwọ́, ó rìn lọ sí báńkì fúnra rẹ̀ láti san owó iṣẹ́ rẹ̀ sí àkáǹtì tirẹ̀. Nígbà tí lẹ́tà ẹ̀yáwó dé, ilé kékeré ló rà, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri.

Bàbá ọmọbìnrin náà wá wò ó. Ó fi ìka kan ògiri, ó bèèrè bóyá òrùlé ń jò. Nígbà tí kò rí nǹkan mìíràn bèèrè, ó jókòó sórí àga pupa, àga kan ṣoṣo tó wà ńbẹ̀. Ó fara tì í. Ara rẹ̀ rọ̀.

"Àga yìí, ta ló ni ín?"

"Ẹ dìde kí ẹ yí i dà wò, sà," ọkùnrin náà ní, ó ń rìn láti ògiri dé ògiri.

Bàbá dìde, kò wù ú. Ọmọbìnrin náà ló yí àga dà. Àwọ̀ bírò ti ń ṣí díẹ̀díẹ̀ lára pákó: *Ọmọbìnrin tó ń ṣe ẹ̀dà, òdìkejì báńkì*, àti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé.

"Mi ò tíì mọ orúkọ ẹ nígbà yẹn," ọkùnrin náà ní. "Ṣé wàá gbà á?"

"Àga nìkan?"

"Àti ẹni tó ṣe é. Mi kì í tà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀."

"Mo gbà," ó ní, omi ti lé ró sí i lójú.

Bàbá gbé àga náà dúró, ó tún jókòó sí i, ó wo ọkùnrin tó ṣì ń rìn kiri.

"Jókòó, ọmọ mi."

Kò sí àga mìíràn. Kòjókòó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú ilé ara rẹ̀, Ẹ̀dà rẹ̀ jókòó tì í, kò sì dìde mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.