Ata Rodo Kì Í Sọ Ọmọ Ajá Di Gáàdì

“Mo ní ọ̀tún ló kọ́kọ́ ń jù ú sí!”

“Òsì ni, jàre! Ṣé ojú ń dùn ẹ́ ni, Jàfárù?”

“Ojú ta ló ń dùn? Ìwọ tó o máa ń so wáyà pupa mọ́ dúdú nínú mọ́tò onímọ́tò?”

Ìrù ọmọ ajá ni wọ́n ń jà lé lórí o! Ọkùnrin méjì tó ti bímọ, wọ́n dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà n’Ídìmù, wọ́n ń làágùn lórí ibi tí ọmọ ajá kọ́kọ́ ń ju ìrù ẹ̀ sí. Jàfárù káfíńtà ló ni ajá, iwájú ẹ̀ ló dúró sí. Wàsíù tó ń ṣe iná mọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ̀yìn ajá lòun wà. Ọmọ ajá ò dá sí i. Ó ṣáà ń ju ìrù ẹ̀ ní tiẹ̀.

“Tó bá dàgbà, ìwọ ni màá kọ́kọ́ ní kó bù jẹ,” Jàfárù ló wí bẹ́ẹ̀.

“Èyí? Èyí tí adìẹ Ìyá Raheemat lé wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì lánàá?”

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Jàfárù wọnú egungun. Torí olè tó ń jí pákó ẹ̀ ló ṣe ra ajá. Àfáà àdúgbò pàápàá ti ní kò burú, kó ṣáà ti ya abọ́ ẹ̀ sọ́tọ̀. Ajá wáá ń sá fún adìẹ! Kí ló máa ṣe tó bá rí olè?

Jàfárù bá rántí ohun tí wọ́n máa ń sọ nílé l’Ógbómọ̀ṣọ́, pé ata ló ń jẹ́ kí ajá rorò. Ló bá gún rodo, ó pò ó mọ́ ẹ̀bà. Bí ajá bá gbójú kúrò, á fi sálúbàtà gbá a nídìí.

“Jẹ ẹ́! Gáàdì kì í ṣa oúnjẹ jẹ!”

Tó bá tọ̀ sórí pákó, á ti imú ẹ̀ bọ inú ìtọ̀ náà.

“Bàbá Hamdalah, ọmọ ọwọ́ mà lèyí,” Mọ̀dínátù ìyàwó ẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

“Ṣé o ti rí ajá tútù tó mú olè rí?”

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kan, Jàfárù ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó rí ajá nílẹ̀ gbalaja. Èébì níwájú, ìgbẹ́ gbuuru lẹ́yìn. Ó pè é, pè é. Ìrù ò mì. Kò yí sọ́tùn-ún, kò yí sósì.

Ó sáré jáde, ó di Wàsíù lọ́rùn ẹ̀wù mú.

“O ti fún ajá mi ní májèlé! Torí ìrù!”

Wàsíù yọjú wo ajá. Ó dá kẹ̀kẹ́ márúwá dúró, àwọn méjèèjì di ilé ìwòsàn ẹran l’Ẹ́gbẹ́dá. Jàfárù gbé ajá sáyà bí ọmọ jòjòló, ẹnu ẹ̀ ò sì dákẹ́.

“Tó bá kú, àgọ́ ọlọ́pàá la máa gbà lọ.”

“Tí ò bá kú ńkọ́?”

“Àá ṣì lọ!”

Dókítà ẹran tó wà níbẹ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ọmọ́ṣaléwá, ya ẹnu ajá wò, ó tẹ ikùn ẹ̀. Ajá ké.

“Kí ló jẹ kẹ́yìn?”

“Ẹ bi Wàsíù. Òun ló fún un ní májèlé.”

“Mi ò rí májèlé níbí. Ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ ló pọ́n yòò yìí. Ta ló ń fún un lóúnjẹ?”

Wàsíù gbójú sókè, ó ń wo fáànù bíi pé fíìmù ni.

“Èmi ni,” Jàfárù rọra wí. “Ẹ̀bà ni o. Pẹ̀lú ata díẹ̀.”

“Báwo ló ṣe kéré tó?”

“Ẹ̀kúnwọ́ kan.”

Dókítà mí kanlẹ̀. Ó fa omi sí ajá lára, ó gún un lábẹ́rẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n bá ń da ata sí yín lẹ́nu láràárọ̀, tí wọ́n tún ń fi sálúbàtà nà yín lé e, ṣé ẹ máa ṣọ́ pákó ẹni náà, àbí ẹ máa ṣílẹ̀kùn fún olè?”

“Èmi máa bá olè gbé e ni,” Wàsíù dáhùn.

“Ata ò mú ajá rorò,” Dókítà ní. “Inú ẹ̀ ló ń bó. Ìyà sì máa ń sọ ajá di ojo ni, tàbí kó sọ ọ́ di èyí tó ń bu ọmọ ilé jẹ. Ajá tó bá fẹ́ràn yín ló máa gbó torí yín.”

Jàfárù wolẹ̀. “Wàsíù, má bínú. Ṣùgbọ́n ìwọ lo kọ́kọ́ mẹ́nu ba adìẹ.”

Wọ́n jókòó tì í títí oòrùn fi kan àtàrí. Ìgbà tó yá, ìrù ajá mì fẹ́ẹ́. Ó tún mì. “Alihamdulilahi!” Jàfárù fò mọ́ Wàsíù. Àwọn méjèèjì tó ń lọ àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n dìjọ ń nujú.

Ẹ̀yin ará Alímọ̀ṣọ́, tẹ́ ẹ bá gba ọmọ ajá, ẹ má fún un ní ata, ọtí, àlùbọ́sà tàbí eegun adìẹ sísè. Ìrẹsì rírọ̀ àti ẹja tẹ́ ẹ ti yọ eegun ẹ̀ dáa. Ẹ máa fún un ní díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin lójúmọ́, kí omi tó mọ́ sì wà nítòsí ẹ̀. Tó bá ti jẹun tán, tàbí tó jí lójú oorun, ẹ mú un jáde kó lọ tọ̀. Tó bá tọ̀ síta, ẹ yìn ín, ẹ fún un ní ẹja bíńtín. Tó bá tọ̀ sílé, ẹ nu ilẹ̀, kó tán síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni kẹ́ ẹ máa fi pàṣẹ fún un, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ẹ má na ọmọ ajá. Kẹ́ ẹ sì tètè gbé e lọ gba oògùn aràn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, torí àrùn yẹn ń pa ajá, ó ń pa èèyàn.

Jàfárù ṣe gbogbo ẹ̀. Kò pẹ́, tó bá ti ní “Jókòó,” ajá á jókòó pẹ̀kí. Lọ́jọ́ tí Dókítà wá sí ṣọ́ọ̀bù láti fún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára, Wàsíù ṣèèṣì fara ti pákó. Ajá gbó mọ́ ọn, adìẹ Ìyá Raheemat fò gun orí òrùlé.

“Ẹ gbọ́ nǹkan!” Jàfárù ń yọ̀. Ajá náà ń yọ̀, ó ń ju ìrù. “Dókítà, ẹ bá wa dájọ́ ìrù yìí. Ọ̀tún àbí òsì?”

Dókítà bọ́ sẹ́yìn ajá, ó tẹjú mọ́ ọn. “Òsì ló kọ́kọ́ lọ.”

“Mo wí!” ni Wàsíù.

“Ẹ̀yìn lẹ dúró sí, gbogbo yín!” Jàfárù gbé ajá há abíyá. “Ṣé ìdí ni wọ́n fi ń mọ ajá ni?”

Ó rọra ń lọ, ó ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Ìrù ajá ń gbá a lẹ́yìn. Òsì ló kọ́kọ́ ń lọ.