Ìgò Píìṣì Kan Ṣoṣo

Ìgò èso píìṣì kan ṣoṣo ló kù lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ méjì ló sì bà lé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan tóbi, ó pọ́n, ó sì rọ̀ bí ọwọ́ ẹni tó ń fojoojúmọ́ wà nínú omi. Ìkejì wà nínú ìbọ̀wọ́ onírun. Guan Shulin, tó ni ọwọ́ ńlá náà, gbójú sókè, ó rí obìnrin kan tó fi ìborùn pupa wé orí títí dé imú. Ojú nìkan ló hàn. Yìnyín ti so ìpéǹpéjú rẹ̀ pọ̀, àmọ́ omi tó dúró nínú ojú náà kì í ṣe ti yìnyín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́," obìnrin náà wí. "Bàbá mi ò jẹun láti àná. Ó ní bí kò bá ṣe píìṣì, òun ò la ẹnu."

"Èmi náà ò tíì jẹun."

"Ṣé ara yín ń gbóná ni?"

Shulin fọwọ́ kan iwájú orí ara rẹ̀. "Ó ń gbóná díẹ̀. Mo sín lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀."

"Ẹni tó kàn sín lásán kì í bá èèyàn du ìgò píìṣì bí ọmọdé."

"Ta ló ń du nǹkan? Ṣebí ìwọ lo fún ìgò lọ́rùn."

Oṣù Kejìlá ọdún 2022 nìyẹn, ní ìlú Siping ní ilẹ̀ Ṣáínà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn tí wọ́n ti tì fún ọdún mẹ́ta ni, kòrónà sì gba ibẹ̀ wọlé. Kò sí ilé tí wọn kì í húkọ́. Oògùn ibà tán pátá. Kò sì sí ọmọ ìlú náà kan tí ìyá rẹ̀ kò fi píìṣì inú omi ṣúgà rẹ̀ lẹ́kún rí nígbà tó ń ṣàìsàn ní kékeré, ìdí nìyẹn tí gbogbo ìgò fi tán lórí pẹpẹ. Dókítà lè rẹ́rìn-ín bó bá wù ú. Ohun tí ìyá ẹni bá fi wo ẹni sàn, ta ló máa já a ní koro?

Shulin jáwọ́. "Mú un lọ. Ṣùgbọ́n píìṣì mi ni o. O máa dá a padà."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. Luan Jingyi ni òun ń jẹ́, ó ní òun ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́léósinmi. Shulin sọ fún un pé ilé ìwẹ̀ tó wà lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin ni òun ti ń ṣiṣẹ́. Ó wá padà sílé lọ́wọ́ òfo, ó tún sín lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sùn. Nígbà tó jí, ara rẹ̀ ti yá. Gbogbo bí kòrónà àkọ́kọ́ ṣe bá a jà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò rí bẹ́ẹ̀ fún Bàbá Luan. Píìṣì tó jẹ tán, ọ̀nà ọ̀fun ló gba lọ, kò dé ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó sì sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ibùsùn fi ṣófo. Ọkùnrin tó fi ogójì ọdún wa ọkọ̀ ojú irin padà wálé pẹ̀lú ọwọ́ lára ògiri, ó ń dúró mí kó tó dé ìdí àga.

Nígbà tí yìnyín yọ́, Jingyi gbé ìgò kan wá sí ilé ìwẹ̀. Shulin gbà á, ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Èyí kọ́ ni tèmi."

"Kí ló dé tí kì í ṣe tiyín? Ṣé píìṣì máa ń lórúkọ ni?"

"Tèmi pọ́n díẹ̀ ju báyìí lọ."

Jingyi gbé e padà, ó tún gbé òmíràn wá lọ́sẹ̀ kejì. Èyí náà kọ́. Bí wọ́n ṣe ń jà lórí píìṣì ni wọ́n ń rìn jìnnà sí i lẹ́bàá irin àtijọ́ tí ọkọ̀ kì í gbà mọ́, títí Jingyi fi gbàgbé láti pe Shulin ní ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí òdòdó máa fi bo igi ẹ̀yìn ibùdókọ̀, Shulin ti mọ̀ pé bí òun bá gba ìgò kan lọ́wọ́ obìnrin yìí, òun gbọ́dọ̀ gba obìnrin náà pọ̀ mọ́ ọn.

Ìyá Luan ò kórìíra ọmọkùnrin náà. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù. Iṣẹ́ Shulin ni kó máa fi kànrìnkàn ha ẹ̀yìn àwọn tó bá ti rẹ ara wọn nínú omi gbígbóná.

"Ọgbọ̀n ọkùnrin oníhòòhò ló ń fọwọ́ pa lójúmọ́," ìyá wí, "wọ́n á sì máa húkọ́ sí i lójú. Àkọ́kọ́ ló sọ ọkọ mi di ẹni tó ń fi ògiri rìn. Bí ìkejì bá wọ ilé yìí, ó máa gbé e lọ ni. Kó dúró síta."

Ẹni tí ejò bù rí, bó bá rí ekòló, á sá. Shulin ò bínú. Ìta náà ló ń dúró sí, lábẹ́ fèrèsé ilé ìdáná, ó ń na ẹ̀fọ́ àti ẹran sí Jingyi. Bàbá Luan á sì yọjú.

"Shulin, ṣé omi yẹn ṣì ń gbóná dáadáa?"

"Ó ń gbóná, Bàbá. Àyè yín ṣì ṣófo."

Gbogbo Sátidé ni bàbá náà ti máa ń lọ sí ilé ìwẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, kí àìsàn tó dé. Á mí kanlẹ̀, á padà lọ jókòó.

Nínú oṣù Karùn-ún, àìsàn náà padà dé. Ìkíni ìlú yí padà: "Ṣé o ti kó ìkejì?" ni wọ́n ń bi ara wọn. Gbogbo ẹnu ló sì ń sọ pé ìkejì kì í le tó àkọ́kọ́. Dókítà àdúgbò ní òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀ èèyàn, torí ara ti mọ ọ̀nà tó fi ń bá a jà. "Ṣùgbọ́n àìsàn ò bá ẹnikẹ́ni mulẹ̀ o," ó wí. Kò sẹ́ni tó gbọ́ apá ìkẹyìn yẹn.

Ta ló wá gbé e wọ ilé Luan? Kì í ṣe Shulin. Ìyá fúnra rẹ̀ ni, láti ìdí ayò mahjong. Ìtìjú ò jẹ́ kó lè húkọ́ sókè. Wọ́n há ẹ̀rọ kékeré tó ń wo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ mọ́ ìka bàbá, wọ́n jókòó tì í, àyà wọn ń já. Ara rẹ̀ gbóná, ó húkọ́, ó lágùn. Nọ́ńbà inú ẹ̀rọ náà ò já wálẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó ní kí wọ́n ṣe ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n fi wé kábéèjì kíkan, tí wọ́n sì sè, wá fún òun, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Shulin fò sókè lábẹ́ fèrèsé. "Mo sọ fún yín! Ìkejì ò já mọ́ nǹkan kan!"

Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Shulin tó kàn sín nígbà àkọ́kọ́ ti dùbúlẹ̀ gbalaja. Ibà náà pẹ́ kó tó lọ, nígbà tó sì lọ, ó kó agbára rẹ̀ dání. Bó bá ha ẹ̀yìn ẹnì kan, á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọkàn rẹ̀ á máa lù kìkì. Ẹ̀ẹ̀rùn lọ, ara rẹ̀ kò yá. Ọ̀gá ilé ìwẹ̀ gbé e sí ẹnu ọ̀nà kó máa pín bàtà ìwẹ̀. Kò dáhùn ìpè Jingyi mọ́.

Jingyi wá bá a níbẹ̀. "Ṣé bàtà nìkan lo mọ̀ ọ́n fún èèyàn ni? Èsì ńkọ́?"

"Jingyi, wá ẹlòmíràn fẹ́. Apá ni mo fi ń jẹun, apá ò sì sí mọ́. Bàbá rẹ ń fi ògiri rìn nílé. Ṣé ẹni méjì lo fẹ́ máa tì kiri?"

"Ṣé mo sọ fún ọ pé ó rẹ̀ mí?"

"Mi ò fẹ́ kó rẹ̀ ọ́ ni." Ó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, ìyẹn ló fi ń lé e. Jingyi jáde, kò sì gbá ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Ìyẹn dun Shulin ju kó gbá ilẹ̀kùn náà lọ.

Ọjọ́ tí yìnyín àkọ́kọ́ bọ́, ẹnì kan ṣí ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, ó dúró mí lójú ọ̀nà. Bàbá Luan ni.

"Fún mi ní bàtà," ó wí. "Kí o bọ́ aṣọ tìrẹ náà."

Wọ́n rẹ ara wọn nínú omi gbígbóná. Lẹ́yìn náà, bàbá mú kànrìnkàn, ó sì nàka sí ibùsùn tí wọ́n ti ń ha ẹ̀yìn. "Dojú dé."

"Bàbá, èmi ni mo yẹ kí n..."

"Mo ní kí o dojú dé."

Kò sí ẹni tó fọ ẹ̀yìn Shulin rí láti ìgbà tí bàbá tó bí i ti kú. Ọwọ́ àgbàlagbà náà lọ láti èjìká dé ìbàdí, ó dúró. Ó mí. Ó tún lọ.

"Ẹ sinmi, Bàbá."

"Mo ń sinmi. Ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ wà, èédú ló ń jẹ. Bó bá ń gun òkè, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. A ò torí ìyẹn sọ ọ́ nù." Ó jókòó sí etí ibùsùn. "Àkọ́kọ́ fò ọ́ dá, èmi ló bá jà. Ìkejì fò mí dá, ìwọ ló bá jà. Ẹni tí ẹ̀kẹta máa bá jà, ta ló mọ̀? Ṣé ká wá jókòó máa retí ẹ̀, kí ọmọ mi má lọ́kọ?"

Shulin sunkún, kò sì fi pa mọ́. Bàbá da omi sí i lẹ́yìn, ó gbá a ní èjìká. "Ó ti mọ́. Dìde."

Jingyi àti ìyá rẹ̀ ń dúró ní gbọ̀ngàn ìsinmi, ìgò kan sì wà lórí tábìlì. Ìyá ò gbójú sókè. Àwo àti ṣíbí ló ń tò.

"Wò ó dáadáa," Jingyi wí fún Shulin. "Ṣé tìrẹ nìyí, àbí kì í ṣe òun?"

Shulin gbé ìgò náà sókè sí iná, ó yí i, ó pẹ́ lẹ́nu ẹ̀. "Òun ni," ó wí. "Tèmi nìyí. Mi ò dá a padà mọ́."

Ó gbìyànjú láti ṣí i, ìdérí ò yí. Bàbá gbà á, ó fi gbogbo ara lọ́ ọ, ó dúró mí, kò yí. Àwọn ọkùnrin méjèèjì wo ara wọn, ojú tì wọ́n.

Jingyi gba ìgò náà, ó dojú rẹ̀ dé, ó gbá a nídìí lẹ́ẹ̀kan, ó sì yí i. Ìdérí dún pọ́.

"Ẹ jókòó jẹun," ó wí. "Nínú ilé wa, èmi ni n ó máa ṣí i."