Ta Ló Pààrọ̀ Lẹ́ńsì Ọ̀tún?

Ẹ̀jẹ̀ ṣì tutù lórí sìmẹ́ǹtì nígbà tí Ìnsípẹ́kítọ̀ Ọlábísí dé pápá ìyìnbọn. Kò pọ̀. Ó dà bí epo pupa tí ẹnì kan dà sílẹ̀ tó sì tẹ̀ kọjá. Awò ojú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́ńsì òsì wà nínú férémù digbí. Ti ọ̀tún ti di ẹ̀rún.

Wọ́n ti gbé Abdulmumini tó ni awò náà lọ sílé ìwòsàn. Òun ló mọ àmì í bà jù nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ìbọn afẹ́fẹ́ dárayá lẹ́yìn àdúgbò Fate. Láàárọ̀ Sátidé yẹn, ó yìnbọn, ọta kọlu irin tó gbé àmì dúró, ẹ̀rún òjé ta padà, ó sì wọ̀ ọ́ lójú ọ̀tún. Dókítà ti ní ojú náà kò lè ríran mọ́.

Ẹsẹ̀ ìròyìn yá ju ti kẹ̀kẹ́ lọ. Kí aago méjì tó lù, ó ti dé Challenge, níbi tí Salimat ti ń ṣe awò. Salimat ló ṣe èyí tó fọ́ yìí. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò Abdulmumini ti pé síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pẹ̀lú igi àti kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò. Salimat ti ilẹ̀kùn mọ́ra nínú. Ọlọ́pàá mẹ́ta péré ló dúró sáàárín. DPO sọ fún Ọlábísí lórí fóònù pé àwọn àgbààgbà ti bẹ àwọn ọ̀dọ́ náà kí wọ́n ní sùúrù títí wọn yóò fi kírun Alaásàrì. Lẹ́yìn ìrun, kò sẹ́ni tó lè ṣèlérí ohunkóhun.

Ẹ̀rù ba Ọlábísí. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí a tan ara wa, ọlọ́pàá náà ń bẹ̀rù. Èrò tó bá ti ń gbóòórùn bẹntiróò kì í béèrè ẹ̀rí.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òjé ti sọ lẹ́ńsì òsì náà níbi méjì, ojú àpá rẹ̀ hàn gbangba, ṣùgbọ́n kò sán. Ó mú ẹ̀rún ti ọ̀tún. Ẹ̀rún náà gé e níka. Ó tẹ Salimat láago.

"Kí lo fi ṣe lẹ́ńsì ọ̀tún?"

"Ike líle ni, mà. Méjèèjì," ọmọbìnrin náà wí. "Ẹ fi òòlù lù ú, kò ní fọ́."

"Ó gé mi lọ́wọ́."

"Dígí ló ń géèyàn, mà. Mi ò jẹ́ fi dígí ṣe awò ayìnbọn. Mo fi Àlùkùránì búra."

Ó wá ṣàlàyé bó ṣe ṣe awò náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń já lu ara wọn. Abdulmumini kì í rí ọ̀nà jíjìn dáadáa. Ojú òsì rẹ̀ ló lágbára jù, èjìká òsì ló sì fi ń gbé ìbọn. Lẹ́ńsì òsì ni Salimat ṣe kó lè rí irin kékeré tó wà lẹ́nu ìbọn kedere, torí ohun tó yẹ kí ayìnbọn rí jù nìyẹn. Bí àmì bá ṣú díẹ̀, kò burú. Ojú ọ̀tún kò níṣẹ́. Páálí funfun kékeré ni Abdulmumini ń fi bò ó kí ó tó fi awò náà sójú, kó má baà dá èkejì láàmú. Síbẹ̀, Salimat ṣe ìhà méjèèjì ní ike líle.

"Òjé kì í béèrè ojú tó ń ṣiṣẹ́, mà," ó wí. Nǹkan kan kọlu ilẹ̀kùn rẹ̀, gbàà, fóònù sì já.

Ọlábísí gbé ẹ̀rún tó tóbi jù lé orí ìwé ìròyìn. Àwọn lẹ́tà wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi. Lẹ́ńsì ẹni tí kì í rí ọ̀nà jíjìn máa ń sọ lẹ́tà di kékeré ni. Èyí jẹ́ ti àgbàlagbà tó ń kàwé.

A jẹ́ pé ẹnì kan ti yọ ti Salimat, ó sì fi dígí ìkàwé rọ́pò rẹ̀.

Hámzàt ni Ọlábísí kọ́kọ́ pè. Òun ló ń ṣe ipò kejì sẹ́yìn Abdulmumini láti ọdún méjì, ìdíje tí wọn yóò ti mú ẹni tí yóò lọ sí àgọ́ àwọn ayìnbọn orílẹ̀-èdè sì ku ọ̀sẹ̀ kan. Òógùn bo ọ̀dọ́kùnrin náà bí ẹni tó jáde nínú odò.

"Madam, gbogbo ayé ló ń fojú apànìyàn wò mí."

"Ìwọ ni ìjàǹbá rẹ̀ ṣe láǹfààní."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ kó tàsé, ṣé ojú tó fi páálí bò ni màá lọ bà jẹ́? Mo le burú o, mi ò ya dìndìnrìn."

Bàbá Yàhàyá, tó ń tọ́jú ìbọn, bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó bi í léèrè. Irin àmì ti tẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun ìbá ti pààrọ̀ rẹ̀. Ọlábísí béèrè ibi tí awò máa ń sùn. Ó ní ìbọn àti páálí ń bẹ lọ́dọ̀ òun nínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin, ṣùgbọ́n Abdulmumini kì í fi awò rẹ̀ sílẹ̀. Ilé ló ń gbé e lọ.

Ọlábísí wọ mọ́tò. Ẹni tó ṣe é fẹ́ kí Abdulmumini tàsé. Ó rò pé ojú ọ̀tún ló fi ń wò. Kò rí i níbi tó ti ń yìnbọn rí. Ó sì lè fọwọ́ kan awò náà nínú ilé. Ó dorí mọ́tò kọ ilé Abdulmumini ní Adéwọlé.

Ní Adéwọlé, fóònù dún: wọ́n ti fọ́ fèrèsé iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìrun kò ní pẹ́ẹ́ parí.

Ràúdátù, ìyá Abdulmumini, wà nílé. Ó wá kó aṣọ ọmọ rẹ̀ tí yóò gbé lọ sílé ìwòsàn. Ọlábísí kúnlẹ̀ kí i, ó sì na ìwé ẹ̀rí tí ìdílé yóò fọwọ́ sí sí i. Ìyá náà na ìwé sí ọ̀nà jíjìn, ó fà á súnmọ́, ó dá a padà.

"Kà á fún mi, ọmọ mi."

"Awò ìkàwé yín ńkọ́, Ìyá?"

"Kò sí mọ́."

"Ọwọ́ wo ni Abdulmumini ń lò?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ọ̀tún ni. Òsì ló gbé wáyé, mo sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi aṣọ dì í mọ́ ọn lára títí ó fi gbàgbé. Kò fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí."

"Ẹ ti dé pápá rí?"

"Kí n lọ wo ìbọn? Ìbọn tó pa bàbá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun?"

"Òsì ló fi ń yìn ín, Ìyá. Ojú òsì ló fi ń wò."

Aṣọ tó wà lọ́wọ́ ìyá bọ́ sílẹ̀. Ó jókòó lórí ẹní díẹ̀díẹ̀, bí ilé tó ń wó.

"Èmi ni," ó wí.

Ó sọ ọ́ láìgbé ojú sókè. Abdulmumini ti sọ fún un pé bí òun bá dé àgọ́ yẹn, òun yóò gba ibẹ̀ wọ iṣẹ́ ológun. Láti ọjọ́ náà ìyá kò sùn. Lọ́jọ́bọ̀, nígbà tí ọmọ lọ síbi iṣẹ́, ó gbé awò méjèèjì, ti ọmọ àti ti ara rẹ̀, lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún awò ṣe létí ọ̀nà. Ọkùnrin náà gé dígí àtijọ́ rẹ̀, ó sì fi sí ìhà ọ̀tún.

"Mo ní kó kàn tàsé ni. Kó tàsé, kí wọ́n má mú un, kó dúró tì mí." Ó fi ìbòrí nu ojú. "Mi ò mọ̀ pé awò kan máa ń fọ́, òmíràn kì í fọ́. Lójú mi, awò ni awò."

Ọlábísí bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa aṣọ tó bọ́ sílẹ̀.

"Ojú wo ló kù fún un?" ìyá béèrè.

"Òsì ni."

"Èyí tó fi ń yìnbọn?"

Ọlábísí mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá sọ fún un nípa èrò tó fẹ́ sun ṣọ́ọ̀bù Salimat.

Lẹ́yìn náà ni ìyá dìde, tó ní kí wọ́n lọ sí Challenge. Ọlábísí kìlọ̀ pé èrò náà lè ṣe é léṣe. Ìyá ní ọmọ ọlọ́mọ ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Àwọn ọ̀dọ́ ti kírun tán nígbà tí wọ́n dé. Ẹnì kan ti ṣí ìdérí kẹ́ẹ̀gì. Ọlábísí di ìyá mú lápá, ìyá sì já ara rẹ̀ gbà. Ó gba àárín wọn kọjá. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Òun ló kọ́ èyí tó pọ̀ nínú wọn ní kéwú. Wọ́n yà fún un, wọ́n ń kí i kú ìrọ́jú, wọ́n ní àwọn yóò gbẹ̀san ojú ọmọ rẹ̀ lónìí.

Ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn Salimat.

"Salimat kò ṣẹ̀," ó wí. "Èmi ni mo yọ lẹ́ńsì rẹ̀ tí mo fi tèmi sí i. Èmi ni mo fọ́ ojú ọmọ mi. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ̀san, kó máa bọ̀."

Kò sẹ́ni tó mira. Ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì wo ojú ìyá, ó wo ilẹ̀, ó sì ń wá ibi tí yóò gbé e sí.