Ẹyin Ẹja Tí Kò Pa

Nínú omi tó mù ú dé orúnkún ni Atukọ̀, ọmọbìnrin apẹja, ti kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó ń rọra bu omi sínú ìgò bí ẹni ń bu oògùn fún ọmọ ọwọ́, epo rọ̀bì sì ti fa ìlà dúdú sí i lójúgun.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ mu ún ni?" Atukọ̀ béèrè látinú ọkọ̀ tó fi ń bá bàbá rẹ̀ pẹja.

"Ẹyin ẹja ni mò ń wá. Ilé iṣẹ́ tó ń yẹ omi wò fún àwọn elépo ló rán mi."

Bí Atukọ̀ ṣe sọ ọ́ ní Oníìgò nìyẹn, tó sì ń fi ọkọ̀ gbé e kiri etí òkun. Bàbá Atukọ̀, tí epo tó ń jò látinú páìpù àwọn elépo ti sọ àwọ̀n rẹ̀ di òfìfo, kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí.

"Ẹni tó gún wa lọ́bẹ náà ló rán oníṣègùn yìí wá," ló máa ń wí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Oníìgò ní kí Atukọ̀ fojú sí awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Àwọn ẹyin náà ti kú, wọ́n funfun. Ẹyọ kan ṣoṣo ló pa, ẹ̀yìn ọmọ ẹja náà sì tẹ̀ bí ìwọ̀.

"Kí ni ìyá wọn ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ó yé wọn bó ṣe yẹ. Epo ni kò jẹ́ kí wọ́n pa."

Omi bọ́ lójú Atukọ̀. "Ọkọ tí mo fẹ́ tẹ́lẹ̀ lé mi jáde, ó ní àgàn ni mí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé mi ò ṣe nǹkan kan."

Oníìgò gbé awò náà sílẹ̀. "Mi ò mọ ohun tó fa tìrẹ, mi ò ní parọ́ fún ọ. Àmọ́ o ò ṣẹ ẹnikẹ́ni."

Nígbà tí ìwádìí parí, àwọn ọ̀gá Oníìgò ní kó yọ ọ̀rọ̀ epo kúrò níbẹ̀. Ó kọ̀. Ó dúró níwájú gbogbo ìlú, ó là á mọ́lẹ̀ pé epo ló ń run ẹyin ẹja. Wọ́n lé e níṣẹ́. Nígbà tó gbé báàgì wá dágbére, bàbá Atukọ̀ gba báàgì náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo ṣì ọ́ mọ̀, ọmọ mi. Ibo lò ń lọ? Ilé nìyí."

Oníìgò àti Atukọ̀ jọ sọ̀kalẹ̀ lọ sétí omi.

"Jẹ́ kí n fẹ́ ọ," Oníìgò wí.

"Ìyá rẹ ńkọ́? Wọn yóò fẹ́ gbé ọmọ-ọmọ."

"Mo ti sọ fún wọn. Wọ́n sunkún. Nígbà tí wọ́n nu ojú tán, wọ́n ní kí n mú ọ wá, kí àwọn rí ẹni tó mú ọmọ àwọn gbàgbé ilé."

Atukọ̀ wo omi. Epo ṣì ń dán lójú omi náà, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí yóò mọ́. Ó wọ inú ọkọ̀, ó na àjẹ̀ kan sí i.

"Gbà, máa wà á. Ọkọ mi kò ní jókòó lásán nínú ọkọ̀ mi."