Lẹ́tà Inú Páálí Kẹtàdínlógún

Gbogbo àlejò tó bá wọ yàrá ìkàwé wa ló gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti ọjọ́ sínú ìwé ńlá tó wà lórí tábìlì mi. Bàbá àgbà kan wá lọ́jọ́ kan, kò kọ orúkọ, ọjọ́ nìkan ló kọ. Ọjọ́ pé, oṣù pé, àmọ́ ọdún tó kọ ti kọjá láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Mo ní àgbà ló dé, kò burú. Mo fi bírò fagi lé e, mo kọ ọdún tí a wà. Lọ́jọ́ kejì, ó tún kọ ọdún yẹn. Inú bí mi gan-an, torí ọdún yẹn náà ni ẹ̀gbọ́n mi jáde nílé tí ò padà wọlé mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ mi, kí ẹ má baà sọ pé orí mi ti dàrú. Ìwé àwọn tó ti kú là ń tọ́jú. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ akọ̀ròyìn òyìnbó kan kó ẹrù bàbá wọn tó kú wá fún wa, páálí méjìlélógójì. Ọkùnrin náà fi gbogbo ayé rẹ̀ rìn láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn. Ibi tí ìjà bá wà ló ń lọ, á kọ ìròyìn, á ya fọ́tò. Èmi ni mò ń tú páálí náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mò ń fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sẹ́yìn fọ́tò. Ohun tí ẹni tó ni ẹrù bá kọ síbẹ̀, a kì í fi kún un, a kì í yọ níbẹ̀. Ohunkóhun tó bá sì máa jáde gbọ́dọ̀ ní ìwé ìjáde: kí ni nǹkan náà, ta ló gbé e, ibo ló ń lọ, ta ló fọwọ́ sí i. Láìsí ìwé yẹn, abẹ́rẹ́ ò lè kọjá lọ́dọ̀ ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà wa.

Màá sọ òótọ́, mo ti kórìíra akọ̀ròyìn yẹn kí n tó mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn fọ́tò rẹ̀. "Ọkùnrin kan." "Obìnrin kan." "Ọmọdé kan tó ń sunkún." Ó ya ajá ara rẹ̀ náà, ó sì kọ orúkọ ajá síbẹ̀ gàdàgbà. Ajá lórúkọ, èèyàn ò ní!

Aago méjìlá ọ̀sán géérégé ni bàbá àlejò máa ń dé, nígbà tí ọ̀gá bá ti jáde lọ jẹun. "Páálí kẹtàdínlógún, ẹ jọ̀ọ́." Jẹ́ẹ́jẹ́ ló ń sọ ọ́, bí ẹni tó kọ́ èdè wa lójú ọ̀nà. Á gbọ́wọ́ lé ìdérí páálí náà, kò ní ṣí i. Òórùn oògùn tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò láyé àtijọ́, èyí tó máa ń ta ní imú, á gba gbogbo yàrá. Ìlà kan jinlẹ̀ sí i lọ́rùn, bíi ti ẹni tó ti gbé ẹrù kọ́rùn fún ìgbà pípẹ́. Tó bá dìde, àga rẹ̀ á tutù ju àwọn àga tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí lọ.

"Ẹ̀yin bàbá, kí lẹ ń wá gan-an?" Ọjọ́ kẹta ni mo bi í.

"Wọ́n rán mi níṣẹ́," ó ní. "Mi ò mọ ilé náà mọ́."

Bó ṣe lọ tán ni mo ṣí páálí náà fúnra mi. Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́ ló wà nínú àwọn fọ́tò náà, lọ́jọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ tí àwọn sójà dé. Nínú fọ́tò kẹsàn-án, ọ̀dọ́kùnrin kan fẹ̀yìn ti ògiri, ó káwọ́ lérí. Àpá kan wà lókè ojú ọ̀tún rẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ lókò tó di àpá yẹn, mo ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo yí fọ́tò náà padà. "Ọkùnrin kan."

"Ẹ̀gbọ́n mi ni! Ẹ̀gbọ́n mi ni, ìwọ ọ̀dájú yìí!" Bẹ́ẹ̀ ni mo pariwo nínú yàrá tí a kì í ti pariwo.

Ìwé kékeré tó ń kọ nǹkan sí wà lábẹ́ fọ́tò. Èdè ìlú rẹ̀ ni, mo sì gbọ́ ọ. "Ọkùnrin inú fọ́tò kẹsàn-án bẹ̀ mí kí n mú lẹ́tà lọ fún ìyá òun. Mo ṣèlérí. Wọ́n yìnbọn pa wọ́n nírọ̀lẹ́. Màá lọ lọ́la." Ojú ewé kejì: "Bàálù mi ò dúró. Màá fi í ránṣẹ́." Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ní orílẹ̀-èdè mìíràn: "Lẹ́tà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi." Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá: "Omi ti pa àdírẹ́sì rẹ́." Lẹ́tà náà wà níbẹ̀, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa. "Ìyá mi" nìkan ló ṣẹ́kù lára àpòòwé rẹ̀ tó ṣeé kà.

Ẹ ò mọ ìyá mi. Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti jáde, kò ti ilẹ̀kùn ilé wa rí, lọ́sàn-án lóru, torí pé àkọ́bí rẹ̀ ò mú kọ́kọ́rọ́ dání. Olè wọlé lẹ́ẹ̀mejì, kò tì í. Ní báyìí, dókítà ti ní ká máa tọ́jú rẹ̀ nílé, ohun tó kù ò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Lálaalẹ́ ló ń di ọwọ́ mi mú. "Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù. Kí n ṣáà mọ ibi tó wà."

Mo gbé lẹ́tà náà tọ ọ̀gá lọ. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àmọ́ àwọn ọmọ akọ̀ròyìn ló ni ín. A ó kọ̀wé sí wọn. Kò ní ju oṣù mẹ́fà lọ."

"Ọ̀gá, ìyá mi ò ní oṣù mẹ́fà!"

"Òfin ni," ó ní, ó sì wá fìlà rẹ̀, oúnjẹ ọ̀sán ti tó.

Mo padà sí tábìlì mi tìbínú-tìbínú. Ìwé àlejò ṣí sílẹ̀, ìwé kékeré akọ̀ròyìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà kọ nọ́ńbà méje nínú ìwé méjèèjì, pẹ̀lú ìlà tó dábùú rẹ̀. Ọjọ́ tí bàbá àlejò ń kọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ọjọ́ tí wọ́n rán an níṣẹ́. Mo gbójú sókè, ó ti dúró níwájú mi.

Ẹ̀rù ì bá bà mí. Ṣé ẹ rí ìbínú, kì í fàyè sílẹ̀ fún nǹkan míì. Ọ̀wọ̀ "ẹ̀yin" tí mo fi ń bá a sọ̀rọ̀ látẹ̀yìnwá, mo gbàgbé rẹ̀.

"Ìwọ! Wọ́n rán ẹ níṣẹ́, o jókòó lé e! O gbowó, o gbàmì ẹ̀yẹ, o jẹ, o mu, ìyá mi ń ṣọ́ ilẹ̀kùn!"

"Mi ò mọ ilé náà mọ́," ó ní.

"Wàá mọ̀ ọ́n lónìí!" Mo fa ìwé ìjáde yọ, mo sì kọ ọ́ títí tí pẹ́ńsù fi fẹ́ ṣẹ́. Ohun tó ń jáde: lẹ́tà kan. Ẹni tó gbé e: ọkùnrin kan. Ibi tó ń lọ: mo kọ àdúgbò wa, mo kọ nọ́ńbà ilé wa, mo kọ ilẹ̀kùn aláwọ̀ búlúù tí a kì í tì. Mo fọwọ́ sí i, mo nà án sí i pẹ̀lú lẹ́tà náà. "Gbà! Ẹsẹ̀ ara rẹ ni wàá fi jẹ́ iṣẹ́ yìí. Kí o sì mú ìyá mi dé ibi tí ọmọ rẹ̀ wà, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i!"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. "Ẹ ṣé, màdáámù," ó ní. Mo ṣẹ́jú báyìí, àga nìkan ló kù.

Nígbà tí mò ń lọ sílé, ọlọ́dẹ fi ìwé ìjáde náà hàn mí. Orí tábìlì rẹ̀ ló bá a, kò rí ẹni tó fi síbẹ̀, etí ìwé náà sì tutù. Ìgbà yẹn ni ohun tí mo fi ẹnu ara mi sọ tó wọ̀ mí létí. Mo sáré.

Alábàágbé wa obìnrin wà lẹ́nu ọ̀nà. "Ta ni àlejò tẹ́ ẹ rán wá lọ́sàn-án yìí? Mi ò rí i o, mo kàn gbọ́ màmá tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, 'Ṣé ó jìnnà? Ẹ jẹ́ kí n wọ bàtà mi.'"

Ìyá mi jókòó kọjú sí ilẹ̀kùn. Ó wé gèlè, ó wọ bàtà, bí ẹni tó fẹ́ jáde. Lẹ́tà náà wà lórí itan rẹ̀, ó ti ṣí. Ọwọ́ rẹ̀ ti tutù.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo yẹ fọ́tò kẹsàn-án wò. Ẹ̀gbọ́n mi ò káwọ́ lérí mọ́. Obìnrin àgbà kan tó wé gèlè ló di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n ti kọ nǹkan kún ẹ̀yìn rẹ̀, nọ́ńbà méje tó wà nínú ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ sì ní ìlà tó dábùú. "Ọkùnrin kan àti ìyá rẹ̀." Títí dòní, kò bi wọ́n lórúkọ! Mo kọ orúkọ àwọn méjèèjì síbẹ̀ gàdàgbà. Kí ọ̀gá lé mi bó bá wù ú.

Ọjọ́ yẹn ni mo tó láyà láti ka lẹ́tà náà. Ìlà mẹ́ta péré ni.

"Ìyá mi, wọn ò ní jẹ́ kí n padà wálé. Ẹ má dúró dè mí. Láti òní lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ti ilẹ̀kùn."