Ìparí Ogun Ìlóyè

Fíìmù náà kò tíì ní ìparí, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, tí í ṣe ọjọ́ ọdún ìlú, ni gbogbo ará Òkè-Òṣùpá sì máa jókòó wò ó. Ìbídùn, ẹni tó ń to àwòrán rẹ̀ pọ̀, ti ń jà fitafita láti àárọ̀.

Ẹ̀rọ apìtàn ni wọ́n fi ń ṣe fíìmù láyé ìgbà náà. Wọ́n á dé fìlà arántí fún ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀, ẹ̀rọ á sì máa fa ohun tó rántí jáde bí ẹni ń fa omi nínú kànga. Màmá Àbẹ́jẹ, ìyá ìyá Ìbídùn, nìkan ló ṣẹ́kù nínú àwọn tí ogun Ìlóyè ṣojú wọn nílẹ̀ ayé kí wọ́n tó kó wá sórí òṣùpá. Gbogbo fíìmù náà ló dára: ẹṣin ń mí, òfì ń dán, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọ ogun dà bí ti Ìlóyè gan-an. Ìparí ló ṣòro. Ìyìọlá, ẹ̀gbọ́n Màmá, kú sẹ́nu ibodè, kò sì sẹ́ni tó sin ín.

"Àwọn òǹwòran á dìde lọ ni," Ọ̀mọ̀wé Láníyọnu, ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà, wí. "Ta ló fẹ́ sunkún lọ́jọ́ ọdún? Jẹ́ kí Ìyìọlá là á já."

"Láníyọnu, ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe kú?" Màmá dáhùn láti orí àga rẹ̀. "Ẹ fi ẹkún arò tí mò ń sun fún un lọ́dọọdún sílẹ̀ fún mi."

"Fíìmù lásán mà ni, Màmá."

"Bó bá jẹ́ lásán ni, kí lẹ wá ń bẹ̀ mí sí?"

Kò pẹ́, oorun gbé Màmá lọ pẹ̀lú fìlà arántí lórí. Láníyọnu rọra sọ fún Ìbídùn pé, "Ṣí fìlà lórí wọn kí o tó yí nǹkan kan padà o. Ohun tí ẹ̀rọ yìí ń fà jáde, ó lè dà á padà sínú orí wọn bí o bá ṣe yí i."

Ìbídùn na ọwọ́, ó sì tún fà á sẹ́yìn. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ, ọmọdé kì í fọwọ́ kan orí àgbà tó ń sùn. Bó bá sì jí Màmá, Màmá ò ní gbà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ìyípadà kékeré ni. Nínú fíìmù náà, ó mú Ìyìọlá sáré gba ẹnu ibodè kọjá láàyè.

Nírọ̀lẹ́, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n. Ìbídùn mọ̀ pé iṣẹ́ náà wuni, àmọ́ ìparí rẹ̀ tẹ́ lẹ́nu rẹ̀ bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Màmá náà ń pàtẹ́wọ́.

Bí wọ́n ṣe délé, Ìbídùn kúnlẹ̀ kí Màmá lè sun ẹkún arò Ìyìọlá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ lọ́dọọdún.

"Ta ló kú?" Màmá bi í. "Lọ pe Ìyìọlá wá, oúnjẹ ń tutù."

Láníyọnu gbìyànjú títí, kò rí i tún ṣe. Ẹ̀rọ kò ní ẹ̀dà ìrántí ti tẹ́lẹ̀ nínú mọ́.

Ní báyìí, ọdọọdún ni wọ́n ń wo fíìmù náà lÓkè-Òṣùpá. Ẹkún arò náà, Ìbídùn ò mọ̀ ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni mìíràn tó mọ̀ ọ́n. Màmá ń bu oúnjẹ sáwo méjì, ó sì ń wo ọ̀nà.